Omi Tí Kò Sun Lábẹ́ Gìgísẹ̀ Ìyá Mi

Wọ́n ní iná ló jó o. Gbogbo ẹni tó bá wa ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ lónìí, tó rí àwọn igi ògùrọ̀ tó wó lu ara wọn, ohun tó máa ń sọ nìyẹn: iná ló jó o. Ó máa ń bí mi nínú. Iná kò lẹ́sẹ̀. Èèyàn ló gbé e débẹ̀. Mo mọ àwọn èèyàn náà, mo bá wọn jẹun lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Bí a bá máa sunkún, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sunkún lé lórí.

Adágún omi dídùn kan ni mo ń sọ, tí ó wà láàárín Òde Mahin àti ọ̀nà Etikan, níbi tí èèyàn kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, omi pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, síbẹ̀ omi tí èèyàn lè bù mu ṣọ̀wọ́n. Òkun ń kún wọ inú odò wa, ó ń fà padà, ó sì ń fi iyọ̀ sílẹ̀ níbi gbogbo tó bá dé. Adágún yìí ni kò dé, nítorí pé ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ògùrọ̀ hù sí dá a sọ́tọ̀ kúrò lára odò. Abúlé méjì ló ni ín, tiwa níhìn-ín, ti àwọn ará òdìkejì lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ la ti ń bu omi mu. Ibẹ̀ ni ẹja àrọ̀ ń wá yé ẹyin sí, níbi tí omi kò ti jìn. Etí rẹ̀ ni koríko ẹní wà, èyí tí àwọn obìnrin wa ń gé, tí wọ́n ń sá sóòrùn, tí wọ́n fi ń hun ẹní. Apá tó kọjú sí ilé wa jẹ́ ti ìyá mi. Ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Ẹní tó ń hun níbẹ̀ ló rán mi lọ sí yunifásítì. Mi ò fi ṣe àwàdà.

Koríko ẹní kì í dára bí a kò bá sun ún. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mo kà, mo lè fi èdè ìwé ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé abúlé wa tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ògbólógbòó rẹ̀ bá gbẹ, á wó lé tuntun lórí, tuntun á hù ní wíwọ́, kò ní ṣeé hun. Lẹ́yìn náà koríko á máa rìn wọ inú omi díẹ̀díẹ̀, omi á máa kéré sí i, àrọ̀ kò ní rí ọ̀nà gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí abúlé méjèèjì fi máa ń pàdé nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á jọ sun ún. Iná àjọdá la ń pè é. Ẹnikẹ́ni kì í dá nìkan tan án. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣáná sí i, kí omi lè wà lẹ́yìn ẹni tó mú iná lọ́wọ́. Wọ́n á sun apá kan lọ́dún yìí, wọ́n á fi apá kejì sílẹ̀ fún ẹyẹ àti ahun, wọ́n á sì yí i padà lọ́dún tó ń bọ̀.

Òfin kan ló ga ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò rí bí ilẹ̀ òkè. Gbòǹgbò àti ewé tó ti jẹrà lé ara wọn lórí láti ayé àwọn baba ńlá wa ni, ó dúdú, ó rọ̀ bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, iná á jó orí koríko, á kọjá lọ. Bí omi bá ti gbẹ nínú rẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á gbaná. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná, obìnrin tó ni koríko á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, á fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kúrò. Gbogbo èèyàn á máa wo ojú ẹsẹ̀ náà. Bí omi bá sun kún un, ẹ ṣáná. Bí kò bá sun, ẹ wa ọkọ̀ yín lọ sílé. Mo rí i nígbà kan nígbà tí mo wà ní kékeré, tí omi kò sun, tí gbogbo wọn yí ọkọ̀ padà, tí ẹnikẹ́ni kò sì kùn.

Ìwà burúkú àkọ́kọ́ kì í ṣe ti abúlé. Àwọn kan wá láti òkè, wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀ létí omi: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun igbó. Irú pátákó kan náà ni wọ́n ń rì kiri níbi tí wọ́n ti ń sun igbó nítorí òkété, òun náà ni wọ́n gbé wá bá wa. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan. Àwọn àgbà bẹ̀rù ọlọ́pàá ojú omi, wọ́n pa iná àjọdá tì. Ọdún ń gorí ọdún. Koríko ga kọjá orí èèyàn, adágún ń fún bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ẹní ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ní kókó. Àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Ugbonla á fi ọwọ́ ra á, wọ́n á ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹní yín fi ń gún èèyàn nísinsìnyí?" Á rẹ́rìn-ín, á ní koríko ló ń bínú. Bí wọ́n bá ti lọ tán, á jókòó ti ẹní náà, á máa fi ọwọ́ wá kókó rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn mìíràn wá, àwọn tí mo fẹ́ràn, mo sì fẹ́ kí á mọ̀ pé mo fẹ́ràn wọn. Ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo omi àti ẹranko ni, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí á jọ ṣe é, abúlé méjèèjì, àwọn, àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀gá wọn jẹ́ ará òkè, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tí kò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Kì í bọ́ ẹ̀wù amúniléfòó tó ń wọ̀ kó má baà rì láti ìgbà tó bá ti wọkọ̀ títí tó fi máa jókòó sórí ẹní wa nínú ilé.

Ìyá mi á sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ bọ́ ẹ̀wù yẹn. Inú ilé lẹ wà."

Á ní, "Ìyá, abẹ́ pákó ilé yín ńkọ́? Ṣé kì í ṣe omi ni?"

Òótọ́ ló sọ, orí òpó nilé wa wà. A rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin náà sọ níwájú gbogbo abúlé pé ẹni tó ri pátákó yẹn ṣe àṣìṣe, pé irú iná tiwa ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sí. Ó bi ìyá mi léèrè ọ̀rọ̀ gìgísẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó tẹ ilẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Nígbà tí abúlé méjèèjì fẹnu kò, òun ló ní kí òfin gìgísẹ̀ ṣáájú gbogbo òfin yòókù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àwọn tó kàwé kò mọ̀. Wọ́n mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀.

Ọyẹ́ dé. Ìyá mi tẹ ilẹ̀, omi sun kún ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé e kúrò tán. A ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ó dáhùn pé inú òun dùn, ṣùgbọ́n kí á ní sùúrù díẹ̀, àwọn èèyàn pàtàkì fẹ́ fi ojú ara wọn rí i. A ní sùúrù. Ìyá mi tún tẹ̀ ẹ́, omi sun, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó sun. A tún ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn èèyàn pàtàkì náà ní ìpàdé, wọ́n sì ń tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sára fìlà àti ẹ̀wù tí a máa wọ̀. Fìlà. Mo fẹ́ kí á gbọ́ ọ dáadáa: ilẹ̀ ń gbẹ, fìlà la ń dúró dè. Mo pe ọ̀gá lórí fóònù, mo sọ fún un pé omi inú ilẹ̀ kì í gba ìwé ìpè. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, mo mọ̀. Ọwọ́ mi kọ́ ló wà." Mo gbà á gbọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni?

Ọjọ́ tí wọ́n wá, oòrùn ti ń mú gan-an, ọyẹ́ ti mú gbogbo nǹkan gbẹ. Ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì ló gbé wọn dé, pẹ̀lú àtíbàbà, àga oníke, àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n gbé kalẹ̀ síbi tí ẹyẹ nìkan ti máa ń pariwo. Àwọn obìnrin abúlé méjèèjì gún púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, wọ́n se ọbẹ̀ ẹja tútù. Àwọn àlejò jẹ, wọ́n yìn ín, wọ́n ya àwòrán ẹja kí wọ́n tó jẹ ẹ́. A wọ fìlà.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa wa, kí ohun tó tẹ̀ lé e lè yé ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀. Ẹni tó bá gba ojú omi wá bá ẹni nílé, a kì í jẹ́ kó padà láìrí ohun tó torí rẹ̀ wá. Ewu ojú omi pọ̀, a sì mọ ohun tó ná an kó tó dé. Ìyá ìyá mi bu ẹja kúrò lórí iná fún ẹni tó wá ra ẹja lọ́jọ́ tí ẹja kò sí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi omi ata jẹ púpurú lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n máa ń fi pẹ̀lú ìyangàn sọ ìtàn yẹn nílé wa. Èmi náà fi yangàn rí.

Nígbà tó yá, a wọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú àjẹ̀ nídìí ọkọ̀ tiwa, ọ̀gá àti ìyá mi wà láàárín, èmi wà níwájú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, aláwàdà ni. Kò sí ìsìnkú tí kì í ti pa àwọn olùṣọ̀fọ̀ lẹ́rìn-ín. Àwọn ọkọ̀ àlejò tò sẹ́yìn wa, gbogbo wọn na fóònù sókè. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó sì gbé e kúrò.

Omi kò sun.

Ojú ẹsẹ̀ náà ṣí sílẹ̀ bí ẹnu. A dúró. Ìyá mi wò ó, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnìkan láti ọkọ̀ ẹ̀yìn béèrè bóyá ó ti tó. Mo rí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbọ́n omi inú ọkọ̀, ó fi igbá bu omi tó wà nídìí ọkọ̀, ó na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ìró ìyá mi, ó sì dà á sójú ẹsẹ̀ náà. Gbogbo rẹ̀ kò ju kí èèyàn sín lọ.

Ó gbóhùn sókè pé, "Ó ti sun o. Ilẹ̀ kàn ń tijú àlejò ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí i, mo fi èyí jìn wọ́n. Ọ̀gá rí i. Ojú òun àti tèmi ṣe mẹ́rin. Ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn èèyàn pàtàkì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di okùn ẹ̀wù amúniléfòó rẹ̀ tó ti dì tẹ́lẹ̀.

Mo ní, "Ìye, omi ọkọ̀ ni."

Ìyá mi kò wò mí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti gba ojú omi wá, ọmọ mi."

Mo tún un sọ, mo sọ ọ́ sókè. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n má dójú ti ìdílé, ṣé mo fẹ́ kí wọ́n lọ sọ lókè pé ará Ìlàjẹ kò mọ àlejò ṣe ni. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń pariwo nígbà yẹn, wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin kan láti abúlé kejì ṣáná.

Mi ò ní purọ́, ó lẹ́wà. Koríko gíga yẹn gbaná bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀, ó jó mọ́lẹ̀ kíákíá, àwọn ẹyẹ àwòdì sì ń rábàbà lókè èéfín, wọ́n ń he tata. Iná dúró gẹ́lẹ́ níbi tí a ti gé ọ̀nà fún un. Àwọn àlejò wọkọ̀ lọ kí omi tó fà. Inú ìyá mi dùn, tàbí ó ń díbọ́n. Ó fẹ́ gé ẹja fún wa lálẹ́, ó kàn di ọ̀bẹ mú, ó gbàgbé láti gé e.

Ìgbà tí ojúmọ́ mọ́ la rí èéfín. Kò sí iná, èéfín nìkan, ó ń jáde láti inú ilẹ̀ níbi púpọ̀ bí ìkòkò tó ń hó. Ẹni tó bá tẹ ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á jó. Abúlé méjèèjì jáde, a fi garawa pọnmi dà á sí i, ó ń dún ṣìì, ó ń kú níbi kan, ó ń yọ níbòmíràn. Ó jẹ gbòǹgbò koríko ẹní ìyá mi láti ìsàlẹ̀. Ó rìn lábẹ́ ilẹ̀ dé abẹ́ ògùrọ̀. A máa jókòó sílé, a máa gbọ́ ọ tí igi ń wó, igi tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, tí iná kò kàn lára rẹ̀ níbì kankan àfi ní gbòǹgbò. Títí òjò fi dé ló ń jó.

Nígbà tó kú tán, ilẹ̀ ti rì. Ibi tí a ti ń rìn tẹ́lẹ̀ di kòtò eérú dúdú.

Ẹ̀bi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa jókòó sí. Àwọn obìnrin òdìkejì ní gìgísẹ̀ ta ni? Bí ìyá mi bá kọjá níwájú wọn nínú ọkọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ bi gìgísẹ̀ wò, ó mọ ohun tó rí." Ní ìpàdé tí a pè lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó gbẹnu sọ fún àwọn àlejò, tí kì í ṣe ọ̀gá, sọ pé abúlé ló dán ilẹ̀ wò, abúlé ló sì ní ó dára. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, bí eegun ẹja ṣe jẹ́ ẹja. Mo dìde, mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ: pátákó, ìdádúró, fìlà, igbá. Mo sọ ẹni tó rí i tó dákẹ́. Ọ̀gá tẹrí ba. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá mi fa ìró mi láti ẹ̀yìn pé kí n jókòó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àrọ̀ yíyan wá sílé wa. Ó jókòó lórí ẹní, kò dá àpárá kankan.

Ó ní, "Àbúrò mi, ojú ló tì mí fún wọn."

Ìyá mi ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti èmi náà."

Ó gba ẹja náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sè é, ó bù ú fún un jẹ. Mi ò jẹ nínú rẹ̀. Mi ò tíì lè jẹ àrọ̀ yíyan títí di òní. Mo ń bínú sí ìyá mi fún ẹja yẹn ju bí mo ṣe ń bínú sí àwọn tó fi fìlà dá wa dúró, mo sì mọ̀ pé kò tọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ó dẹ́kun ẹní híhun. Igi tó fi ń hun ún ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń sá aṣọ sí i lórí. Mo ra ẹní ọ̀rá fún un ní Igbokoda, aláwọ̀ pupa àti funfun. Ó ká a, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sùn lórí èyí tó gún èèyàn.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ọ̀gá wá. Òun nìkan ló wá lọ́tẹ̀ yìí, kò mú àtíbàbà, kò mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi lórí pákó ilé wa pẹ̀lú ẹ̀wù amúniléfòó lọ́rùn. Ó ní òun ti rí koríko ẹní níbòmíràn tí a lè bu gbòǹgbò rẹ̀ wá gbìn, bí ìyá bá lè bá òun wo ilẹ̀ náà bóyá ó ti ń mu omi padà. Mo ní kí ìyá mi má lọ. Ó ti ń wá ìró tó máa ká sókè.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló wa ọkọ̀ gbé wa lọ. Nígbà tí a dé ibi tí ògùrọ̀ wà rí, omi odò ń kún wọlé láàárín àwọn igi tó wó, láìsí ohun tó dá a dúró. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kúrò tán tí omi fi sun, ó kún, ó tún ṣàn kọjá etí ojú ẹsẹ̀ náà. Ọ̀gá ní, "Ìyá, ó ti sun." Mo rò pé ó fẹ́ sunkún fún ayọ̀.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ omi náà, ó fi kan ahọ́n.

Ó ní, "Omi wà, ọ̀gá. Ẹ wá tọ́ ọ wò."

Ọ̀gá na ọwọ́ láti inú ọkọ̀, ó tọ́ ọ wò. Èmi kò tọ́ ọ. Mo wo ojú rẹ̀ tó fún pọ̀ nítorí iyọ̀, ó tó.

Ìyá mi padà sínú ọkọ̀. Ó jókòó, ó tú ìró rẹ̀ sílẹ̀ bo ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́n omi ọkọ̀ wa. Ó ti ń kún." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú igbá náà. Ó bu omi, ó dà á sínú odò, ó tún bu ú.